Ibùsùn Tí Mo Tẹ́ De Màámi

Òtútù ni gbogbo ènìyàn fi dẹ́rù bà mí nígbà tí mò ń lọ. Àǹtí mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, kó súwẹ́tà wá fún mi. Ìyàwó Lèmọ́mù àdúgbò wa ní Òkè-Àgbò fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ onírun. Màámi nìkan ni kò sọ̀rọ̀ òtútù. Ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń di ẹrù, ó ní, "Ooru lèmi ń bẹ̀rù fún ọ." A fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ìlú Ọba tí yóò máa bẹ̀rù ooru?

Màámi mọ ohun tó ń sọ. Irú ènìyàn kan náà lèmi àti ẹ̀. Bí a bá ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ara wa á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ààrò. Bàbá mi máa ń sọ pé ìyàwó lòun fẹ́, òun ò mọ̀ pé wọ́n fi àdògán kún un fún òun. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ilé bá fi aṣọ bora dé orí, fèrèsé yàrá èmi àti màámi á wà ní ṣíṣí gbayawu. Bí ìgbà ooru bá wá dé, a ó ká ẹní wa lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti tutù. Abẹ̀bẹ̀ kan á wà láàárín wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí lá máa fẹ́ ẹnì kejì.

Mo dé Ìlú Ọba, mo bá ooru níbẹ̀. Òtútù wà níta lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilé ni ènìyàn ń sùn. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà lára ògiri, fèrèsé yàrá mi kò sì ṣí ju ibi tí ìka lè gbà lọ. Ọmọ Nàìjíríà ni obìnrin tó fún mi níyàrá, ọmọlúàbí ni, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè mí. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì náà ń dán, ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Mo ní há, ayé dé! Mo dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo jí, gbogbo ara mi ti tutù rìnrìn fún òógùn. Mo dìde, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bá mi dìde, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ òun kalẹ̀.

Mo rò pé àìsàn ni. Mo lọ rí dókítà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ara mi le. Dókítà náà wá béèrè pé irú aṣọ wo ni mò ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Inú bí mi. Mo gbé àìsàn wá bá ọ, ọ̀rọ̀ aṣọ lo ń bi mí? Mo gba ilé lọ, mo tún lọ sùn lórí ẹja àrọ̀ mi.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wọlé, àárọ̀ ni mò ń jáde. A máa ń yí àwọn arúgbó padà kí ẹ̀gbẹ́ wọn má baà bó, a máa ń pààrọ̀ aṣọ wọn, a máa ń jókòó ti àwọn tí ẹ̀rù bá ń bà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo pe ìyá àgbàlagbà kan ní "Màmá." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé òun jọ ìyá mi ni, pé òun lórúkọ. Orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló fẹ́ kí èmi, tí ọmọ rẹ̀ tó bí, máa fi pè é. Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà á. Bí mo bá pè é tán, mo máa ń rọra tẹ orúnkún díẹ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ó rí i, ó sì béèrè bóyá orúnkún ń dùn mí.

Èmi tó ń ṣiṣẹ́ lóru, ọ̀sán ni mo gbọ́dọ̀ sùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ẹni tí ooru ń mú lójú oorun, ọ̀sán gangan ló ń sùn, nínú yàrá tó wà lábẹ́ òrùlé. Iṣẹ́ kò pa mí tó oorun tí mi ò rí sùn.

Ọ̀sán náà ni màámi máa ń pè. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa, bí oníbàárà bá ti lọ sílẹ̀ ni yóò tẹ̀ mí láago. Ìjẹ̀bú la máa ń bára wa sọ, Ìjẹ̀bú tó ki, tó jẹ́ pé bí mo bá sọ ọ́ láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní ìlú yìí, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Ní gbogbo ìlú tí mò ń gbé, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ èdè tí mo fi ń lálàá. Nítorí náà, bí fóònù bá dún, bí ojú ń ta mí, bí orí ń fọ́ mi, n óò gbé e. Bí kò bá pè, ọjọ́ náà kò pé.

Mo máa ń sọ òótọ́ fún un. "Màámi, ooru ò jẹ́ n sùn."

Yóò ní, "Ta ló ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọ?"

"Ta ni ìbá fẹ́ mi, màámi?"

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi kú. Àǹtí mi ló pè mí. Ẹ mọ̀ bí àwa mùsùlùmí ti ń ṣe é: kí n tó nu omi ojú mi, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti gbé e sin. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo di fóònù mú, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdúrà nílé. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ara mi pé mi ò ní gbọ́ ikú màámi lórí fóònù. N óò mú un wá sọ́dọ̀ mi, a ó jọ máa gbé, ojú mi ni yóò ṣe.

Ó pẹ́ kí ó tó gbà láti wá. Ó ní ta ni yóò dúró ti ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn ilé. Níkẹyìn ó ní, "Mò ń bọ̀ wá wò ó. Ibi tí ènìyàn ò bá ti lè sùn, kì í gbé ibẹ̀. Bí mo bá lè sùn lọ́dọ̀ rẹ, a ó jọ sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìrètí mi ṣe bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ti kúrò nílé obìnrin yẹn nígbà náà, mo ti ní yàrá tèmi. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo lọ ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mọ àwa ará Ìjẹ̀bú. Bí a bá fẹ́ mọ bí aṣọ ṣe tó, a ó gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó wúwo, a ó tẹ́tí sí i bóyá ó ń dún. Mo gbé èyí, mo gbé tọ̀hún, mo mú èyí tó wúwo jù, tó ń dán jù, tí òwú rẹ̀ ki dé ibi pé abẹ́rẹ́ lè ṣẹ́ sínú rẹ̀. Mo délé, mo po sítáàṣì bí wọ́n ṣe ń pò ó nílé, mo rì í bọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, ó dúró gan-an bí pákó. Mo tẹ́ ẹ. Ó rẹwà. Mo sùn lé e lọ́jọ́ náà, mo sì mọ bó ṣe ń ṣe mọ́ínmọ́ín nínú ewé.

Mo tan ẹ̀rọ fídíò fóònù kí màámi lè rí i. Mo rò pé yóò yìn mí.

"Ta ló fẹ́ gbéyàwó?" ni ohun tó kọ́kọ́ sọ.

"Bẹ́ẹ̀dì yín ni, màámi."

"Aṣọ òde lo tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. O tún fi sítáàṣì dí gbogbo ihò imú ẹ̀. Ta ló ń rí ọ lójú oorun tí o fi ń ṣe fáàrí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, ìyá mi. Padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, kí o sì mú mi dání."

Mo mú un dání lóòótọ́, nínú fóònù. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Àgbò, èmi dúró láàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní Ìlú Ọba, òun ló ń pàṣẹ.

"Gbé èyí tó fúyẹ́ yẹn síbi iná. Ṣé o rí ọwọ́ rẹ lódì kejì?"

"Mo rí òjìji ẹ̀."

"Ó dáa. Fún un mọ́wọ́ bí ẹní ń fún ẹ̀fọ́. Tú u sílẹ̀. Ṣé ó rún?"

"Ó rún, màámi."

"Òwú ni. Èyí tí kò bá rún, rọ́bà wà nínú ẹ̀. Ó yá, gbé e sẹ́nu, kí o fẹ́ ẹ."

"Màámi, ṣọ́ọ̀bù àwọn Òyìnbó ni mo wà."

"Ṣé àwọn ni yóò bá ọ sùn lé e ni? Fẹ́ ẹ."

Ọwọ́ àwọn obìnrin Òde-Omi ni màámi ti kọ́ ìyẹn. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ó máa ń kó aṣọ wọkọ̀ ojú omi lọ tà fún wọn. Ooru etí ọ̀sà yàtọ̀ sí ooru tiwa, ọ̀rinrin ló ń bá a rìn, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ kì í sì í wo dídán aṣọ. Bí màámi bá tú aṣọ sílẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́nu, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ sí òdì kejì, wọ́n á fẹ́ ẹ. Bí èémí kò bá kan ọwọ́, wọ́n á ká a padà fún un tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n á ní kó gbé e lọ fún àwọn ará Jàpárà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń ṣe fáàrí.

Mo fẹ́ ẹ. Èémí mi kọjá, ó kan àtẹ́lẹwọ́ mi lẹ́rọ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta ọjà ti sún mọ́ mi, ó béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Màámi ní kí ló wí. Mo ní ó ń béèrè bóyá ara mi yá. Màámi ní, "Sọ fún un kí òun náà fẹ́ ẹ wò." Mo sọ ọ́, ojú ń tì mí. Ọmọ náà wò mí, ó wo màámi nínú fóònù, ó mú èyí tó ń dán, ó fi sẹ́nu, ó fẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, èémí padà lù ú lójú. Ó mú èyí tó fúyẹ́, ó tún fẹ́, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwa mẹ́ta la jọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní ìlú yẹn débi tí mo gbàgbé pé àlejò lèmi.

Aláwọ̀ funfun ṣákálá ni mo rà. Màámi ní kí n fọ̀ ọ́, kí n tún un fọ̀, kí n má fi sítáàṣì sí i, kí n má fi omi olóòórùn dídùn wọn yẹn sí i, kí n má sì kó o sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mò ń sá a sí. Bí mo ti ń fọ̀ ọ́ ló ń rọ̀, títí ó fi dà bí ìró àtijọ́ tí ìyá ti fi pọn ọmọ. Mo tẹ́ ẹ, mo sùn lé e. Aago ló jí mi. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, ó gbẹ. Mo jókòó sáàárín bẹ́ẹ̀dì, mò ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan bí wèrè.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni màámi dé, nígbà tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀. Ìyẹn ni wàhálà tó kọ́kọ́ bá a jà. Ó ń dúró de ìrun ìṣáì, ìṣáì kò dé. Kó tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, àsùbáà ti dé. "Oòrùn yín yìí ò nílé ni?" Ṣùgbọ́n kò bá bẹ́ẹ̀dì jà. Ọjọ́ tó wọlé, kó tó bọ́ bàtà, ó gbé etí aṣọ náà sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ, ó mi orí pé ó dáa. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí nílé ẹ̀kọ́ gíga, inú mi kò dùn tó ti ọjọ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà. Òun ló ń sùn ún lóru nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, èmi ni mò ń sùn ún lọ́sàn-án. Bí mo bá dé láàárọ̀, yóò ti gbọn aṣọ náà, yóò ti tẹ́ ẹ padà, ògì gbígbóná á wà nílẹ̀ dè mí. N óò mu ún, n óò dùbúlẹ̀ sójú ibi tó dìde, òórùn òrí tó fi ń para á wà lára ìrọ̀rí. Òun á fa kọ́tìnnì, á jókòó sórí àga pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo sùn nígbà yẹn. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Òkè-Àgbò, mi ò sùn báyẹn rí. Nígbà míì, mo máa ń ṣẹ́jú, n óò rí i tó ń wò mí, tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí tẹ̀sùbáà. N óò padà sùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pète. Mo ti wo kóòtù tí yóò wọ̀ bí òtútù bá dé. Mo ti mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń kí i. Mo pe àǹtí mi ní Àgọ́-Ìwòyè, mo ní, "Àǹtí mi, màámi ò padà mọ́ o, wọ́n ń sùn bí ọmọ ọwọ́."

Àǹtí mi ní, "Ṣé o ti bi wọ́n?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mi ò ní iṣẹ́ ni mo bi í. A ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbẹ, ó di etí méjì mú, èmi náà di méjì mú.

"Màámi, ṣé ẹ ń sùn dáadáa níbí?"

"Mò ń sùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mò ń sùn ju ti ilé lọ."

"Ẹ ní bí ẹ bá lè sùn, a ó jọ sọ̀rọ̀."

"A ò ha ti ń sọ ọ́ báyìí?"

"Ẹ dúró tì mí. Ẹ má lọ mọ́."

Ó rìn sún mọ́ mi, ó pa etí aṣọ tọwọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tèmi, ó kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó jókòó sẹ́nu bẹ́ẹ̀dì.

"Láti ọjọ́ tí o ti lọ," ó ní, "mi ò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ rí kí n má ronú pé ta ló ń fẹ́ ọmọ mi yìí. Bí mo bá gbé abẹ̀bẹ̀, ọwọ́ mi á wúwo. Àwọn èèyàn rò pé mo wá wo Ìlú Ọba. Ìwọ ni mo wá wò lójú oorun. Mo ti wò ọ́. O ń sùn, òógùn kan kì í jáde lára rẹ, o sì ti mọ bí a ṣe ń yan aṣọ tí yóò máa fẹ́ ọ. Ọkàn mi ti balẹ̀. Mo lè máa lọ sílé wàyí."

Mo ní, "Bàbá mi kú, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí tí mo gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ tiyín lórí fóònù, màámi. Mi ò fẹ́."

"Mo mọ̀." Ó fà mí jókòó. "Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí o bá gbọ́ ọ lórí fóònù, wàá mọ̀ pé inú ilé mi ni mo wà, láàárín àwọn tó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ṣé o fẹ́ kí ìṣáì máa pa mí lára níbí ni?"

Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi. Èmi tí mo ti sùn lórí aṣọ yẹn kó tó dé, tí mo tún sùn lórí rẹ̀ nígbà tó dé, mo mọ ìyàtọ̀. Aṣọ lè mú ooru kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí àga yẹn ló ń mú oorun wá. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò ní lọ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n, yóò ta ṣọ́ọ̀bù, yóò jókòó tì mí títí ọjọ́ alẹ́, yóò máa ṣọ́ oòrùn tí kò wọ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, mi ò rí i kí ojú rẹ̀ sinmi báyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Mo ní, "Ó dáa, màámi. Ẹ jẹ́ ká wá ra nǹkan tí ẹ óò mú lọ fún àwọn ará ilé."

Ó lọ. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ògì, kò sẹ́ni tó fa kọ́tìnnì. Mi ò pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo dùbúlẹ̀ sójú ibi tó máa ń sùn. Oòrùn wà lórí òrùlé, yàrá gbóná, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gba inú aṣọ náà wọlé, ara mi tutù. Mo la ojú sílẹ̀, mò ń wo àga.

Ojú mi ṣì là sílẹ̀ nígbà tí fóònù dún lọ́sàn-án. Màámi ni. Mo gbọ́ ariwo àdúgbò wa lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń kí i káàbọ̀.

"Mo ti délé o, ọmọ mi. Àbí mo jí ọ?"

"Ẹ jí mi, màámi," mo ní. "Mo ti sùn lọ fọnfọn."

Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn dé ibi pé mo gbọ́ bó ṣe ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun jí ọmọ òun lójú oorun. Lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ mi. "Má bínú. Padà sùn, ìyá mi. Mi ò ní máa pè ọ́ lọ́sàn-án mọ́."

Mo ní kò burú.